Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Pe Bàbá Mi

Fọ́látáìlì. Ohun tí máníjà ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, pe bàbá mi nìyẹn. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Lórí rédíò, ọjà tí iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò ni wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi tó ń kọ́ kẹ́mísìrì sọ pé bẹntiróòlù náà rí bẹ́ẹ̀, torí béèyàn bá ṣí i sílẹ̀, á fẹ́ lọ. Ẹni tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru náà ń jẹ́ ẹ, onínúfùfù tiwa yẹn. Bàbá mi kẹ̀? Bàbá tí kì í jágbe mọ́ ọmọ?

Máníjà ní Bàbá á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ká tó ṣẹ́jú, wọ́n á ti gbaná jẹ, wọ́n á máa ti ọwọ́ àwọn olùtọ́jú dànù. Ó ní tí ò bá dáwọ́ dúró, dókítà á fún wọn lóògùn tó ń mú ara balẹ̀. Mo gba Rye Lane lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Mo padà lọ jókòó tì wọ́n. Bàbá ṣe àlùwàlá, wọ́n fẹ́ kírun. Obìnrin olùtọ́jú kan wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fi táwẹ̀lì nu omi àlùwàlá kúrò lójú wọn. Bàbá pariwo. Wọ́n tún lọ ṣe àlùwàlá. Obìnrin yìí tún di apá wọn mú, kí wọ́n má baà ṣubú. Háà! Bàbá mi gbà pé bí obìnrin tí kì í ṣe ẹbí bá ti fọwọ́ kàn wọ́n, àlùwàlá bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n ti gbàgbé orúkọ mi o, wọn ò gbàgbé ìyẹn.

Inú bí mi burúkú, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo rọra ṣàlàyé fún máníjà. Ó ní òun á wá ọkùnrin tí á máa tọ́jú wọn. Kó tó rí ọkùnrin, oògùn ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo tún dé, inú máníjà ń dùn. Ó ní ara Bàbá ti balẹ̀ wàyí. Mo bá wọn lórí àga, ẹnu wọn là sílẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Bàbá, Alásárì ti tó o." Wọn ò dìde. Mo bu omi wá, mo ṣe àlùwàlá fún wọn bí ìyá ṣe ń wẹ ọmọ. Obìnrin ọjọ́ náà wọlé, ó nu itọ́ ẹnu wọn, ó fọwọ́ pa wọ́n lórí.

Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ dànù. Wọ́n jẹ́ kó ṣe é tán.