Ìbòrí Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Abereke létí òkun, ọkọ̀ ojú omi wa nìkan ló ní òrùlé. Bàbá mi ló ṣe é. Ó kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó tẹ̀ wọ́n pàdé lókè, ó sì fi imọ̀ ògùrọ̀ bò ó débi pé òjò gan-an ń tọrọ àyè kó tó wọlé. Àwọn apẹja yòókù a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọkọ̀ ọba ń bọ̀ o! Ẹ yà fún kábíyèsí!" Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ọba ló wà lábẹ́ òrùlé náà. Àbúrò mi obìnrin ni. Àfín ni wọ́n bí i. Awọ rẹ̀ funfun, irun rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ kì í sì í lè dojú kọ ìmọ́lẹ̀. Àwọn àfín tí a mọ̀ létí òkun nígbà náà, ara wọn kún fún àmì àti egbò, nítorí kò síbi téèyàn lè sá fún oòrùn sí lọ́dọ̀ wa. Omi níwájú, omi lẹ́yìn, ilé lórí òpó. Bàbá mi mọ obìnrin kan bẹ́ẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà, egbò jẹ ẹ́ lójú títí tó fi kú. Ó búra pé oòrùn kò ní rí ọmọ tòun pa.

Òrùlé yìí bí mi nínú púpọ̀. Èmi ni mò ń gbọ́n omi inú ọkọ̀, lẹ́yìn lọ́hùn-ún níbi tí oòrùn ti ń yan èèyàn bí edé, nígbà tí àbúrò mi nà gbalaja lórí ẹní lábẹ́ ìbòrí. Tí mo bá ráhùn, bàbá mi á ní, "Ìwọ àti oòrùn ti mọ ara yín. Àbúrò rẹ kò mọ̀ ọ́n."

Ohun tí àbúrò mi fẹ́ràn jù ni kó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé etí ọkọ̀, kó máa wo omi. Láti Abereke títí dé Ode Mahin, níbi tí ìyá wa ti ń ta ẹja, bó ṣe máa wà nìyẹn. Kò ríran jìnnà, ṣùgbọ́n omi wà nítòsí. Á máa sọ ohun tó rí fún mi: ewé tó léfòó, ẹja wẹ́wẹ́, òjìji ọwọ́ ara rẹ̀. Tí mo bá rántí ìgbà ọmọdé mi, ohùn rẹ̀ lábẹ́ imọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Ìgbà yẹn dùn, àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Ó ti di ọ̀dọ́mọbìnrin kí egbò kékeré kan tó yọ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ìyá wa ní ẹ̀gún ẹja ló gún un. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ta ni ẹ̀gún ẹja kò tíì gún lọ́dọ̀ wa? A fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, ó gbẹ, èépá rẹ̀ ṣí, ẹ̀jẹ̀ tún dé. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí bàbá mi fi ní òun kò gbà mọ́, egbò ẹ̀gún kì í pẹ́ tó báyìí. Ó gbé e sọ́kọ̀, mo bá wọn lọ, ó di ilé ìwòsàn ńlá lókè ilẹ̀.

Dókítà obìnrin ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wo egbò náà, ó wo ojú, apá àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ó jọ jẹjẹrẹ awọ ara, àwọn máa gé díẹ̀ lára rẹ̀ láti mọ̀ dájú. Ó wá bi bàbá mi léèrè bí oòrùn ṣe ń dé abẹ́ àgbọ̀n ọmọ náà.

"Oòrùn kì í dé ara rẹ̀ rárá, mà," ni bàbá mi dáhùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Èmi fúnra mi ni mo ṣe ìbòrí sí ọkọ̀ mi." Ó fi ọwọ́ júwe òrùlé náà fún un. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó bèèrè ibi tí ọmọ náà máa ń kọjú sí nínú ọkọ̀.

"Omi ni," ni mo sọ.

Dókítà mi orí. Ó ní omi kì í gbé oòrùn mì tán, ó máa ń dá lára rẹ̀ padà sókè. Ó ní ìbòrí náà ti ṣe ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tún máa wọ aṣọ alápá gígùn àti àkẹtẹ̀, kó wé aṣọ fẹ́lẹ́ mọ́ àgbọ̀n, kó sì fi ìpara tó ń dènà oòrùn pa ibi tí aṣọ kò bò.

Mi ò rò pé bàbá mi gbọ́ ìyókù. Ọmọ omi ni. Láti kékeré ló ti ń fi ọwọ́ ṣíji bojú nítorí ìtànṣán tó ń ta á lójú láti inú omi, síbẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn pé ohun kan náà lè jó ọmọ òun lára. Nígbà tí a délé tí ìyá wa gbọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà." Bàbá mi dìde kúrò níbẹ̀.

Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́. Wọ́n gé e kúrò kó tó ràn, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Bàbá mi ran aṣọ dúdú, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ òrùlé títí dé etí ọkọ̀. Àwọn apẹja ní kábíyèsí ti gbé olorì wọlé. Kò bá wọn rẹ́rìn-ín mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sígbà tí àbúrò mi máa jáde tí kò ní bi í pé, "Ṣé o bo àgbọ̀n?"

Mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí. Òkun ti gba ibi tí ilé wa àtijọ́ wà, ọkọ̀ olórùlé ti jẹrà, ẹnjíìnì ló kù tó ń pariwo lójú omi. Àbúrò mi ti di ìyá ọlọ́mọ, ó ń ta aṣọ ní Ode Mahin. Bàbá mi kò ríran mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ àbúrò mi tó ń lọ sọ́jà.

"Ọma mi, ṣé o bo àgbọ̀n?"

"Mo ti bò ó, Bàbá."

Ó na ọwọ́. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó tú aṣọ tó wé, ó sì gbé ọwọ́ náà lé àpá. Bàbá mi fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Ibí yìí ni mi ò rí," ló wí.

Àbúrò mi mú ọwọ́ náà kúrò níbẹ̀. Ó gbé e gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gbé e gba iwájú orí, ó gbé e gba ọrùn àti apá, gbogbo ibi tí awọ rẹ̀ ti jọ̀lọ̀ láìsí àpá kankan.

"Ibí yìí ńkọ́, Bàbá?" ló ń bi í. "Ibí yìí ńkọ́?"