Bẹ́ńṣì Tí A Yá Lọ́wọ́ Ìjọ

Èédú ni a ń gún. Ọmọ odó ń dún kù, kù, kù lẹ́yìn kíláàsì, àwọn ọmọbìnrin ń já ewé ẹ̀gẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ fi pò pọ̀ di dúdú kan tó ń rùn bí oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Màmá á ti àkísà bọ̀ ọ́, á máa fi pa pátákó ìkọ̀wé láti òkè wálẹ̀. Tó bá fi máa parí, ọwọ́ rẹ̀ á ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.

Á ní, "Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni lónìí."

Òun ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ilé-ìwé ìjọba kékeré kan lọ́nà Eggua, níbi tí alùpùpù àwọn onífàyàwọ́ ti máa ń han létí wa láti àárọ̀ bí wọ́n ṣe ń sáré lọ sí ẹnubodè. Gbogbo ìlú ló ń pè é ní Màmá, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Òun àti tíṣà ọ̀dọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ gbogbo wa. Á dúró sáàárín kíláàsì méjì, á pe ìṣirò fún àwọn tọwọ́ ọ̀tún, á yíjú, á pe ábídí fún àwọn tọwọ́ òsì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la máa ń jókòó sí. Páànù ti ṣí lórí kíláàsì ìwé mẹ́fà, nítorí náà bí òjò bá ti ṣú, ẹ̀kọ́ ti parí nìyẹn.

Lọ́dún kan, kò sẹ́ni tó yege nínú ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù, tó ń di jálá epo mẹ́yìn. Ìgbàkigbà tó bá kọjá níwájú ilé-ìwé, Màmá á dá ẹ̀kọ́ dúró títí ariwo náà á fi lọ.

Ìgbà tí ìròyìn wá dé pé àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ ń bọ̀, pé wọ́n fẹ́ mú ilé-ìwé kan ní agbègbè wa tí wọ́n máa kàn lórùlé, tí wọ́n máa fún ní tíṣà, Màmá kò lè jókòó mọ́. Ó lọ yá bẹ́ńṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alhájì tó ń ta páànù yá wa ní páànù, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ihò. A gbálẹ̀ títí eruku fi tán nílẹ̀.

Tíṣà ọ̀dọ́ yìí ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe wà."

Màmá wò ó tìyanu-tìyanu. "Ká jókòó síhòòhò gbàlejò? Wọ́n á ní ọ̀bùn ríkú ọkọ tìràn mọ́ ni wá. Ẹni tí ò tọ́jú èyí tó ní, ta ló máa fún un sí i?"

Àwọn àlejò dé, a kọrin. Ọ̀gá wọn jókòó lórí bẹ́ńṣì ìjọ, ó wo pátákó tó ń dán, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ṣé kò sí ìṣòro?"

Màmá kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, sà."

Ọmọlúàbí kì í torí ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n bi í kó ní ebi ń pa òun. Á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Wọ́n á tún bi í, nígbà náà ló máa wá sọ̀rọ̀. Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí ìbéèrè kejì. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò.

Ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n kàn lórùlé, èyí tí àwọn ọmọ ibẹ̀ jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀ níṣojú wọn. Tíṣà ọ̀dọ́ ló gbọ́ ọ wá: wọ́n ní tiwa ti dára. Màmá jókòó sídìí igi máńgòrò pẹ̀lú èédú lọ́wọ́.

"Mo rò pé wọ́n á tún béèrè ni," ló wí.

Òjò ọdún náà ká òrùlé kíláàsì méjì. Wọ́n gbé tíṣà ọ̀dọ́ lọ síbòmíràn, àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ. Àwọn kan ń kọ́ Faransé lódìkejì ẹnubodè, àwọn tó pọ̀ jù kò kọ́ nǹkan kan. Màmá ṣì ń lọ pa pátákó náà ní dúdú nígbà tí kò sí ọmọ tó máa kà á mọ́. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Èmi náà ti di tíṣà, ní Ìlaro. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n ní àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé wa. Mo ní ká má yá bẹ́ńṣì o, ká jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí àwọn ọmọ ń jókòó sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wò mí bí ẹni tó fẹ́ dójú ti ìdílé rẹ̀. Síbẹ̀ a yá bẹ́ńṣì, mo sì bá wọn gbé e.

Kíláàsì mi ni ọ̀gá àwọn àlejò náà wọ̀. Ó wò yíká, ó kọjú sí mi, ó ní ṣé kò sí ìṣòro. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ láti kékeré ló wà lẹ́nu mi.

Mo kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, sà."

Mo wá ń retí kó tún béèrè.