Ẹni Kẹrin Nínú Ìwé Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò

Ara mi kì í balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá mi ní àtinú oyún ni mo ti ń ta ẹsẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kan wà, kò pẹ́ sígbà tí ìjọba alágbádá padà dé, tí ọ̀rọ̀ náà kọjá ti tẹ́lẹ̀. Mi ò lè jókòó, oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi, ẹni tó bá sì pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ìjà ni. Ìwé pélébé kan ló fà á.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ojú olóṣèlú ni gbogbo ẹ̀rọ àdúgbò wa ń tẹ̀ jáde nígbà náà: eléyìí ń rẹ́rìn-ín, tọ̀hún na ìka sókè, gbogbo wọn ń ṣèlérí omi. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á gba ariwo náà ṣe. Ẹ̀fọ́rí ni mo máa ń gbé relé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bàbá kan wọlé, ó ga, apá rẹ̀ gùn dé orúnkún. Ọ̀gá mi fò dìde, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ìwé tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo mọ bàbá náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Bárígà? Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni, òun ló gba bẹ́líìtì gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó so ó mọ́ ìbàdí fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n ń wá láti ibi gbogbo tí wọn ò rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Olóṣèlú kan tó ń wá ìbò fẹ́ ṣe ayẹyẹ fún un, ó sì fẹ́ pín ìwé níbẹ̀. Ohun tí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò náà kọ sínú ìwé ọ̀hún ni àwọn mẹ́wàá tó le jù nínú gbogbo àwọn tó wá jà fún bẹ́líìtì náà, láti orí ẹni kìíní dé ẹni kẹwàá, bí líle wọn ṣe tó. Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ó ní àwọn tó wòran òun láyé ọjọ́un ò rójú gẹ̀ẹ́sì, àti pé òun náà ò fi gẹ̀ẹ́sì gba ẹ̀ṣẹ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọmọ ẹni tó bá a jà ló ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi bá a jà fún bẹ́líìtì yẹn, ràùndì méjìlá gbáko. Póìntì ni wọ́n fi borí rẹ̀, kò ṣubú. Ràùndì méjìlá yìí ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ní Abúlé Òkúta. Bàbá mi ti di kápẹ́ńtà nígbà tí mo gbọ́njú, èékánná rẹ̀ méjì ti dúdú, etí rẹ̀ ọ̀tún ò sì gbọ́ràn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fojú di í, yóò na apá, yóò ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo dúró níwájú ọkùnrin yẹn fún ràùndì méjìlá?" Ìyá mi á ní, "Ràùndì kẹtàlá ńkọ́, Dádì? Ṣé nínú ọbẹ̀ mi lẹ fẹ́ jà á sí?" Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò kọ́lé, kò ra mọ́tò. Nǹkan tó ní nìyẹn.

Nítorí náà, orúkọ bàbá mi ni mo kọ́kọ́ wá nínú ìwé náà. Ẹni kìíní, ará Gánà kan: "Ó lù mí títí mo fi gbàgbé orúkọ ìyá mi." Ẹni kejì, ọlọ́wọ́ òsì kan láti Ìbàdàn: "Mi ò rí ọwọ́ ẹ̀ rí, àfi tó bá ti dé ojú mi." Ẹni kẹta, ọmọ Warri kan: "Ibi tó gbá mi nínú ikùn, títí dòní tí mo bá jẹ ẹ̀wà, mò ń rántí ẹ̀." Mo ń kà á lọ. Ẹni kẹwàá, ràùndì kẹta ló ti ṣubú, "ṣùgbọ́n kó tó ṣubú, ó yọ eyín mi kan lọ." Ó tán. Bàbá mi ò sí níbẹ̀. Mo fitọ́ sí ìka, mo tún un ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra. Kò sí!

Inú bí mi débi pé mo jáde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó yọ eyín! Eyín lásán-làsàn!

Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ nílé. Ta ni mo ń tàn? Olóṣèlú ti fi gbohùngbohùn kéde ìwé náà káàkiri Bárígà. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ti ń dúró.

"Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín ló ti ń tẹ ìwé ẹ̀. Ẹni kelòó ni mí?"

"Mi ò tíì débẹ̀, sà."

"Mi ò ní kó fi mí ṣe ẹni kìíní o. Ará Gánà yẹn le, ká má purọ́. Ọmọ Ìbàdàn yẹn náà, ọ̀daràn ni. Ṣùgbọ́n ẹni kẹrin tọ́ sí mi."

Ojoojúmọ́ ló ń bi mí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ pé ó ti lọ sọ ọ́ ní Pẹ́dírò fún àwọn tó ń ra àga lọ́wọ́ rẹ̀, pé òun wà nínú ìwé, ẹ máa retí. Mo ní yéè! Bí ìwé yìí bá jáde tí kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, níbo ló máa gbé ojú sí? Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù títí ọ̀gá mi fi bi mí bóyá èèrà wọ aṣọ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì ni mo ṣe é. Mo kọ orúkọ bàbá mi sí ipò kẹrin, mo ti gbogbo àwọn tó kù wálẹ̀, oníyọeyín sì jábọ́ kúrò nínú ìwé. Ohùn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni mo fi kọ ọ́: "Eléyìí ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣubú. Ràùndì méjìlá ni mo fi wá ibi tí màá ti gbé e lulẹ̀, mi ò rí i. Ó le bí ìrókò." Ẹ má bi mí bóyá ojú tì mí. Ojú ò tì mí.

Ṣùgbọ́n a ò lè tẹ ìwé kí ẹni tó ni ìwé má kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá náà padà wá, ó wọ awò, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ. Ó dé orí ẹni kẹrin. Ó tún un kà.

"Ta ló kọ eléyìí?"

Kọ̀ǹpútà la máa ń di ẹ̀bi rù ní Ṣómólú, mo sì ti múra irọ́ náà sílẹ̀. Ìbínú ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. "Èmi ni, sà. Bàbá mi ni. Ràùndì méjìlá ni wọ́n bá yín jà, wọn ò ṣubú! Kí ló dé tẹ́ ẹ fò wọ́n? Ẹni tó ṣubú ní ràùndì kẹta, ẹ rántí òun!"

Ọ̀gá mi ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé!"

Bàbá náà bọ́ awò rẹ̀. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ́?" Ó ní kí ọ̀gá mi fi mí sílẹ̀. Ó ní kí n bá òun jáde, ó jókòó sórí páálí ìwé kan níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Àwọn ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń di ọwọ́ kó tó wọ ìbọ̀wọ́," ó ní. "Nígbà tí mo dé ibi tá a ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́, mi ò ní bàtà. Bàbá ẹ bọ́ tiwọn fún mi. Ọdún ń lọ, mo gba bẹ́líìtì, ó wá kan èmi àtàwọn."

"Ẹ sì jà, sà."

"Mi ò jà. Ní ràùndì kẹta, mo rí i pé ẹsẹ̀ wọn ti lọ. Mo lè parí ẹ̀ níbẹ̀. Mo wo ojú wọn, ọwọ́ mi kọ̀. Ni mo bá ń fọwọ́ pa wọ́n lára títí di ràùndì kejìlá, mò ń ṣe bí ẹni ń jà, kí àwọn òǹwòran má bàa pariwo."

Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Ó dùn mí wọ egungun, mo sì ń bínú sí i pé ó sọ ọ́.

"Tí mo bá kọ pé wọ́n le, irọ́ ni," ó ní. "Tí mo bá kọ òótọ́, mo ti bayé jẹ́. Ni mo ṣe fò wọ́n."

"Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀. Má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ bó o ṣe kọ ọ́. Ẹni tó o yọ yẹn ti kú, kò ní wá bá ọ jà."

Ó gba báírò pupa lọ́wọ́ mi, ó ní nǹkan kan ṣoṣo lòun máa tún ṣe. Gbogbo ibi tí mo ti pe bàbá mi ní "eléyìí" tàbí "ó", ó fa ìlà sí i, ó kọ "wọ́n" dípò rẹ̀. Ó ní òun ò lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ òun. Mo tún un tẹ̀ bó ṣe wí. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i.

Ọjọ́ tí ìwé jáde, mi ò dúró kí iṣẹ́ parí. Mo sáré mú ẹyọ kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ṣí i, ó lọ tààrà sí ẹni kẹrin. "Mo sọ àbí mi ò sọ!" Ó gbá itan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pe ìyá mi. Ó kà á sókè ketekete: "Wọn ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣubú. Wọ́n le bí ìrókò." Lẹ́yìn náà ló wá padà sórí ẹni kìíní. Ó ka ti ará Gánà, ó ka ti ọmọ Ìbàdàn, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó tún padà sórí tiẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló kọ 'wọ́n' yìí?"

Mo rò pé ìdùnnú ló fẹ́ fi kún ìdùnnú. "Oníwèé fúnra wọn ni, sà! 'Ó' ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, báírò pupa ni wọ́n fi yí i padà. Wọ́n ní àwọn ò lè pè yín bẹ́ẹ̀."

"Ará Gánà, 'ó'," bàbá mi wí. "Ọmọ Ìbàdàn, 'ó'. Gbogbo àwọn tó bá jà, 'ó' ni. Èèyàn kì í pe ẹni tó ń lù ní 'wọ́n'."

"Dádì, ọ̀wọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn náà, ọ̀wọ̀ ni." Ó pa ìwé náà dé. "Láti ràùndì kẹta ni mo ti ń retí ẹ̀ṣẹ́ tó máa gbé mi ṣubú. Kò wá. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bóyá èmi ni mò ń yẹ̀ ẹ́." Ó wo ojú mi. "Ó tún dá mi sí."

Ó yẹ kí n sọ níbẹ̀ pé èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ọmọ sí bàbá rẹ̀ ni. Ẹnu mi kọ̀. Ìyá mi dé, ó ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, bàbá mi ní kò sí nǹkan kan, ó mú ìfági rẹ̀ padà.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, lanlọ́ọ̀dù wa dúró lágbàlá, ó ń bú bàbá mi lójú gbogbo ayálégbé nítorí igi tó kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Inú yàrá ni mo wà. Mo dìde dúró, mo ń retí pé kó na apá, kó sọ ọ̀rọ̀ ràùndì méjìlá fún un. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rẹlẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Màá kó o kúrò."