Ewé Tí Fẹ́yìsetán Kò Fún Màmá Kókílá

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni Fẹ́yìsetán. Iṣẹ́ kẹ́à ló gbé e wá sí ìlú òyìnbó: ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń wọṣọ fún wọn, ó ń fi ṣíbí bọ́ wọn, lẹ́yìn náà á sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹlòmíràn. Iṣẹ́ náà ló so ìwé ìgbélùú òun àti ti ọmọ rẹ̀ ró. Bí iṣẹ́ bá já, ìwé já nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé Màmá Kókílá ní Chadwell Heath, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Òórùn kan pàdé rẹ̀, ó sì ṣe é bíi pé ìyá rẹ̀ ló ń gún efinrin lẹ́yìnkùlé. Bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Orí fóònù ni Fẹ́yìsetán ti wo bí wọ́n ṣe ń sin ín.

Màmá Kókílá, arúgbó ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, rí omi lójú rẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ìkòkò òdòdó kan lójú fèrèsé.

"Túlúsì ni. Ṣé ẹ ní irú rẹ̀ nílé yín?"

"A ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Màmá. Efinrin là ń pè é."

Ọ̀rọ̀ ewé ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Màmá Kókílá a máa ní bí ikọ́ bá mú èèyàn, kí ó se ewé náà pẹ̀lú atalẹ̀, kí ó fi oyin sí i. Bí orí bá ń fọ́ni, kí a lọ̀ ọ́ kúnná, kí a fi pa iwájú orí. Fẹ́yìsetán náà á sọ ti ìyá rẹ̀: bó ṣe máa ń fún omi efinrin, tí á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i fún ẹni tí inú ń run, bó ṣe máa ń fi pa àwọn lára nígbà ibà, bó ṣe máa ń jó o nínú yàrá kí ẹ̀fọn má baà wọlé. Màmá Kókílá á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Tiwa náà kì í gba ẹ̀fọn láyè!" Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ikọ́ kéékèèké.

Nínú ẹ̀sìn Màmá Kókílá, wọn kì í já ewé náà lọ́jọ́ Sunday. Nítorí náà, bí ó bá ti di Sátidé, Fẹ́yìsetán á fọ ọwọ́ rẹ̀, á já èyí tí yóò tó ọjọ́ méjì, á kó o sínú abọ́ idẹ kékeré kan. Ibi tí ó ti ń já a lọ́jọ́ kan ni màmá ti sọ fún un pé, "Bí ẹnì kan bá ń lọ, a máa ń fi ewé kan àti omi díẹ̀ sí i lẹ́nu. Oògùn ìkẹyìn nìyẹn. Ẹni wa kì í fi ẹnu òfìfo lọ."

Fẹ́yìsetán ń bá ewé jíjá lọ. Ẹnu ìyá tirẹ̀ ló ń rò.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, oúnjẹ há màmá lọ́fun, díẹ̀ ló kù kí ó gba ẹ̀mí wọn. Nọ́ọ̀sì wá, ó lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì: oúnjẹ lílọ̀ nìkan, omi tí a ti mú ki nìkan. Ọ́fíìsì tó gbà á síṣẹ́ pe Fẹ́yìsetán. Wọ́n ní ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu màmá. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n lé ẹnì kan níbi iṣẹ́ wọn nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Sunday kan ni, nínú oṣù kìn-ín-ní, òjò ń rọ̀. Màmá Kókílá kò jẹun. Ọwọ́ wọn tutù. Wọ́n wo abọ́ idẹ náà títí.

"Fẹ́yì, fún mi ní ewé kan."

"Màmá, nọ́ọ̀sì ní rárá."

"Ewé kan péré, ọmọ mi. Èyí tó kéré jù."

Ó mú un. Ó gbé e dé etí ẹnu wọn. Ibẹ̀ ni fóònù rẹ̀ ti dún: ọ́fíìsì ń béèrè ìdí tí kò tíì fi dé ilé tó kàn. Ó dá ewé padà sínú abọ́.

"Tó bá di ọ̀la, Màmá. Màá bi nọ́ọ̀sì."

Màmá Kókílá di ojú wọn. "Ó dáa, ọmọ mi."

Nígbà tó débẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò Díníṣì, ọmọ wọn ọkùnrin, ti wà níwájú ilé. Màmá ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni òórùn ewé yẹn ti ń tẹ̀ lé Fẹ́yìsetán. Ó ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì. Ó ń gbọ́ ọ nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Goresbrook, níbi tí kò sí ewé kankan. Á bi Zoe ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á fa imú, á ní, "Mummy, kò sí nǹkan kan o." Ọjọ́ kan, ó ń fọ abọ́, ó gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta, kéékèèké. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń fọ abọ́ kan náà títí omi fi tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èyí tó dẹ́rù bà á jù ṣẹlẹ̀ nílé Catherine, òyìnbó arúgbó kan tó ń tọ́jú. Catherine la ẹnu fún ṣíbí, Fẹ́yìsetán sì rí i pé ẹnu Màmá Kókílá ni. Bó ti ń wò ó, ó di ẹnu ìyá rẹ̀. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lọ bá Alàgbà Adébọ̀wálé ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn. Ohun tó rò ni pé wọn yóò yan sáàmù fún un, wọn yóò ní kí ó gbé omi wá. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Alàgbà bi í léèrè:

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà."

"Ṣé èmi lọmọ wọn ni? Àdúrà kì í báni rin ọ̀nà tó yẹ ká fi ẹsẹ̀ ara wa rìn. Dìde, kí o lọ bá a."

Sátidé ló lọ sílé Màmá Kókílá. Díníṣì ló ṣílẹ̀kùn, ó ń kó ẹrù ìyá rẹ̀ sínú páálí. Kí Fẹ́yìsetán tó mọ̀, ó ti kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Wọ́n bẹ̀ mí fún ewé kan. Mo gbé e dé ẹnu wọn, mo sì dá a padà. Ẹ̀rù ló bà mí."

Díníṣì jókòó lórí páálí kan. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo mọ̀. Wọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní kí n wá fi ewé sí àwọn lẹ́nu. Ilé mi síbí ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo ní òjò ń rọ̀, màá wá láàárọ̀." Ó fi ọwọ́ nu imú. "Nínú mọ́tò mi lèmi ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Mo ti fọ mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀mejì."

Ewé ti gbẹ lójú fèrèsé. Díníṣì kò bomi rin ín, kò sì lè gbé e dànù.

"Ṣé inú bí wọn?" Díníṣì ló béèrè.

"Rárá. Wọ́n ní, 'Ó dáa, ọmọ mi.'"

"Báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́?"

Fẹ́yìsetán sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí màmá ṣe sọ ọ́ gan-an. Díníṣì ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn méjèèjì ti ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkejì pé òun dárí jì í.

Ní ọjọ́ Monday, Fẹ́yìsetán lọ sí ọ́fíìsì. Ó ní kí wọ́n máa bi ẹbí arúgbó kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ẹni wọn fẹ́ nígbà ìkẹyìn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú wọn, kí ẹ̀rù má baà dá ẹni tó wà níbẹ̀ dúró. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá wọn yóò ṣe é, kò mọ̀.

Òórùn náà kò tíì lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún dé nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Barking, lójú ọ̀sán gangan. Fẹ́yìsetán kò dìde, kò sì ṣí fèrèsé. Ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń fàyè sílẹ̀ fún àgbà, ó gbé e lé itan, ó sì jókòó jẹ́ẹ́.