Kùdírátù àti Pápá Gọ́ọ̀fù GRA

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó wọ híjáàbù funfun àti bàtà kánfáàsì, tó ń yára rìn lórí pápá gọ́ọ̀fù GRA ní Ìlọrin kí oòrùn tó mú, tó kó igi gọ́ọ̀fù mélòó kan sí abẹ́ apá bí ẹni tó kó igi ìdáná, Kùdírátù ni. Àwọn ọ̀gá ọ̀gá tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ máa ń kó igi tiwọn sínú àpò ńlá, ẹlòmíràn ló sì máa ń rù ú tẹ̀lé wọn. Kùdírátù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ru nǹkan fún òun. Owó igi rírù ni wọ́n fi tọ́ òun dàgbà, ó ní ojú máa ń ti òun láti jókòó kí ẹlòmíràn máa ṣe é fún òun.

Ọmọ agbo-ilé àlfáà ni Abdulmumini, bàbá rẹ̀, ní Pàkátà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní kéwú, òun nìkan ló yà kúrò lójú ọ̀nà, tó lọ ń ru igi fún àwọn òyìnbó ní GRA. Nígbà tí àwọn òyìnbó lọ, wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú pápá. Láyé ìgbà náà, koríko kò sí ní ẹnu ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀. Yanrìn tí wọ́n fi ògbólógbòó ọ́ìlì ọkọ̀ pò ni wọ́n ń tẹ́ síbẹ̀, Abdulmumini a sì máa fà á títí yóò fi dán bí ẹní tuntun. Ọ́ìlì yẹn ni Kùdírátù kọ́kọ́ mọ̀ ní òórùn bàbá rẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé e lọ láti kékeré. Lọ́jọ́ kan, bàbá gé igi gọ́ọ̀fù kan tí ẹnì kan sọ nù kúrú, ó fi rọ́bà wé ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ kò ti gbádùn ìjókòó mọ́.

Nílé, wọ́n kùn. Wọ́n ní ọmọ àlfáà kan kò gbọdọ̀ máa na bọ́ọ̀lù kiri lójú ọkùnrin.

Abdulmumini dá wọn lóhùn pé, "Bọ́ọ̀lù yìí kì í ṣe ọtí, kì í sì í ṣe ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ ń kírun, ó ń kéwú. Ẹ jẹ́ kó ṣeré."

Bí ọmọ ṣe di tísà eré ìdárayá nìyẹn. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá àti fífò ní ilé-ìwé kan nígboro Ìlọrin. Ó fẹ́ ọkọ, ó bí Naimat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọkọ ṣaláìsí, iṣẹ́ ìjọba parí, ṣùgbọ́n ara Kùdírátù kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, pápá ló kàn. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń kó àwọn ọmọbìnrin àdúgbò lọ síbẹ̀ láti kọ́ wọn ní ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Pápá ìjọba ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún tolówó tòtòṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtòṣì kì í sábà wọ ibẹ̀.

Àfi bí rédíò ṣe gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìjọba fẹ́ gba pápá náà, wọ́n fẹ́ fi kọ́ ilé ìwòsàn ńlá fún ìyá àti ọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà da ìlú rú. Ládùúgbò Post Office, àwọn tó tò sẹ́nu bánkì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọn kò tètè tú ká. Àwọn kan ní irú ilẹ̀ gbàràgàdà bẹ́ẹ̀, àwọn mélòó ló ń fi gbá bọ́ọ̀lù, nígbà tí aboyún ń sùn sílẹ̀? Àwọn mìíràn ní pápá náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá àwọn, igi ńlá ńlá tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí GRA rí atẹ́gùn mí, pé bí wọ́n bá fi ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò fi parí rẹ̀. Kùdírátù ń gbọ́ tìhín, ó ń gbọ́ tọ̀hún.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu wá bá a nílé. Lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ̀dó sí Ìlọrin, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Kò fẹ́ jókòó, kò fẹ́ mu omi.

"Tísà, ìjọba fẹ́ pe ìpàdé ìta gbangba," ó ní. "Bí èmi bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn á ní àwọn olówó ló ń jà fún ibi fàájì wọn. Bí ẹ̀yin bá sọ ọ́, wọn á gbọ́. Ọmọ onílẹ̀ ni yín. Bàbá yín ló tọ́jú ibẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ, sà?"

"Òótọ́ tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ sọ. Mi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ẹnu Kùdírátù ti jẹ́ hẹn kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Láníyọnu kò tíì rìn jìnnà tó fi rántí Naimat, ó sì dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

Òkè-Oyì, lẹ́yìn ìgboro, ni Naimat ń gbé pẹ̀lú Haneef ọkọ rẹ̀, tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ìrọbí mú un. Ọ̀kadà ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbé e dé ojú títì, wọ́n wá dúró títí kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ nígboro. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ dé ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa lọ sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n fi dé ìkejì, ọmọ ti kú sínú. Kùdírátù ló wẹ òkú ọmọ náà, ọmọ ọkùnrin ni. Láti ìgbà náà, Naimat kì í fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, oyún mìíràn ti wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Naimat pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ yá gágá, irú èyí tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ láti ìgbà ọ̀fọ̀ náà.

"Màámi, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní rédíò? Àwa obìnrin Òkè-Oyì ti háyà bọ́ọ̀sì, gbogbo wa là ń bọ̀ ní ìpàdé yẹn. Mo ti sọ fún wọn pé ìyá mi náà á wà níbẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò láìgbọ̀n."

"Màá wà níbẹ̀," ni Kùdírátù sọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ ìyókù.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní gbogbo ọjọ́ tó ṣẹ́kù, obìnrin náà kò lè jẹun lórí ìjókòó. Ó lọ sí Òkè-Oyì lẹ́ẹ̀mejì láti lọ ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ó bá ilé tó kún fún àwọn obìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára páálí, kò sì rí ẹnu là. Ní ìkejì, ó dé ẹ̀bá ọjà tí wọ́n ti ń ta iṣu lẹ́bàá títì, ó ra iṣu, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ó gba ọ̀dọ̀ Láníyọnu lọ láti sọ pé òun kò ṣe mọ́, ó dé ẹnu géètì, ó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn nínú ilé, ó sì kọjá lọ. Lórí pápá, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò lọ síbi tó rán an mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngán náà kún débi pé àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Àwọn obìnrin Òkè-Oyì jókòó sí apá òsì, Naimat wà láàárín wọn, oyún ti yọ níkùn rẹ̀. Ó ju ọwọ́ sí ìyá rẹ̀, ó nawọ́ sí àga tó fi àpò gbà sílẹ̀ fún un. Kùdírátù mi orí, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn Láníyọnu. Ó rí i bí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe rọra sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fa yanrìn, bí òun ṣe kọ́ ìgbójú lórí pápá náà, bí àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò láyè àtisáré nínú agbo-ilé ṣe ń sáré níbẹ̀ ní Sátidé.

"Ilé ìwòsàn dára, mi ò lòdì sí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìlú tó bá ta gbogbo ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré, ó máa wá irú ibẹ̀ tì lọ́la. Ẹ bá wa fi pápá yìí sílẹ̀."

Àtẹ́wọ́ dún lápá ọ̀tún. Kí ó tó rọlẹ̀, Naimat ti na ọwọ́ sókè. Wọ́n gbé ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Naimat lorúkọ mi. Ìyá mi ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán yẹn." Ó gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ẹnu. "Gbogbo ohun tí wọ́n sọ, òótọ́ ni. Èmi náà sáré lórí pápá yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí lọ́dún tó kọjá kò sáré níbì kankan. Ilé ìwòsàn ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá mi ló wẹ̀ ẹ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn."

Ó jókòó. Kò sunkún, kò sì wo apá ibi tí ìyá rẹ̀ wà títí ìpàdé fi tú ká. Nígbà tí Kùdírátù fi máa ráyè já èrò kọjá, bọ́ọ̀sì Òkè-Oyì ti lọ.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìjọba kéde pé pápá yóò wà bó ṣe wà, pé wọn yóò máa wo ibòmíràn fún ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù se oúnjẹ, wọ́n ránṣẹ́ sí Kùdírátù, kò lọ. Ó pe Naimat, Naimat kò gbé e. Ó tún pè, Haneef ló gbé e, ó ní, "Ẹ máa ní sùúrù, Màámi." Sùúrù gan-an ni ohun tí Ọlọ́run kò fún un. Ó kó aṣọ mélòó kan sínú ògbólógbòó Tòyótà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó gba Òkè-Oyì lọ.

Naimat ń ṣa ẹ̀wà lójú ilé nígbà tó dé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀wà.

"Mo wá dúró tì ọ́ títí wàá fi bí," ni Kùdírátù sọ.

"Ṣé nítorí ohun tí ẹ sọ ni?"

"Ohun tí mo sọ, bó ṣe wà lọ́kàn mi nìyẹn. Ohun tí mi ò sọ fún ẹ ṣáájú ló ń dùn mí. Ó yẹ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi nílé."

Naimat ṣa ẹ̀wà títí. "Ẹ gbé ẹrù yín wọlé," ó ní nígbẹ̀yìn. "Òjò ń ṣú."

Wọn kò bá ara wọn rẹ́rìn-ín púpọ̀ ní àkókò yẹn. Wọ́n ń jẹun pọ̀, wọ́n ń kírun pọ̀. Kùdírátù gbálẹ̀ títí ilẹ̀ fi bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wò láràárọ̀ bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì lè sá lọ lóru. Ìrọbí dé lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn ìrun àílà. Ó wa ọkọ̀ náà bí ọlọ́pàá tó ń lé olè, Haneef di aya rẹ̀ mú lẹ́yìn, tánkà epo kan sì há sójú ọ̀nà débi pé inú koríko ni wọ́n gbà kọjá. Wọ́n dé ilé ìwòsàn ìjọba, nọ́ọ̀sì sì tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà pé kò sí bẹ́ẹ̀dì.

"A ò ní kẹ́ ẹ fún wa ní bẹ́ẹ̀dì," ni Kùdírátù sọ. "Ẹ gba ọmọ náà níbi tó bá fẹ́ já sí. A ò lọ síbì kankan."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wo Naimat, ó fa aṣọ ìkélé kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ rọ́bà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọbìnrin kan sí kí wọ́n tó pe ìrun alásárì. Ó ké. Kùdírátù ń wo ẹnu ọmọ náà bó ṣe ń ké, omijé dà lójú rẹ̀, ó ní Alihamudulilahi.

Bí wọ́n ṣe ń nu ara ọmọ náà ni wọ́n gbé obìnrin mìíràn wọlé, ọ̀kadà ló gbé e wá, orí ilẹ̀ lásán ló sì dùbúlẹ̀ sí, nítorí rọ́bà ti tán. Kò sí ẹni tó bá a wá ju ọlọ́kadà lọ. Kùdírátù bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi rọ orí fún un. Ó jókòó tì í, ọwọ́ obìnrin náà ń fún tirẹ̀ mọ́ra, ayọ̀ ọmọ-ọmọ tó fẹ́ yọ̀ kò sì kún ọkàn rẹ̀ mọ́.

Wọ́n sọ ọmọ ní Huda. Lọ́jọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, Kùdírátù wà nílé Láníyọnu.

"Ẹ jà fún pápá, ẹ borí," ó ní. "Wọ́n ní wọ́n ń wo ibòmíràn fún ilé ìwòsàn. Mi ò rí ẹni tó ń wò. Ẹ wá bá wa jà fún un."

"Tísà, ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ti ẹgbẹ́ wa."

"Ẹnu mi kọ́ lẹ lò? Kò kọjá ti ẹgbẹ́ yín nígbà yẹn."

Láníyọnu ní òun yóò rò ó. Ó rò ó, ó sì wá, òun nìkan, láìmú ẹgbẹ́ dání, ó bá wọn wọ inú ọ́fíìsì ìjọba tí Kùdírátù àti Naimat àti àwọn obìnrin Òkè-Oyì ti ń jókòó sí láti àárọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ. Wọ́n ti rí ìlérí gbà, wọn kò tíì rí ilẹ̀. Ìjọba tilẹ̀ sọ ibì kan lẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Oyì, wọ́n tún dákẹ́. Naimat ti ń bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ pápá, ó máa ń wo ibòmíràn.

Lọ́jọ́ tí mo fi rí wọn kẹ́yìn, akọ̀wé kan jáde wá sọ fún wọn pé ọ̀gá kò sí nítòsí, kí wọ́n padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Kùdírátù ti dìde kí ó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gbé Huda kúrò lórí ẹsẹ̀ Naimat, ó pọ̀n ọ́n.

"A máa wá ní Ọjọ́rú," ó ní.