Ọ̀wẹ̀ Àna Nínú Ààwẹ̀

Títí dòní, tí mo bá rí ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya nígbà kan, mo máa ń sọdá sí òdìkejì títì ní Ìlaròó. Ẹ̀rù kọ́. Tí mo bá dúró, èébú ni màá fi kí i. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ní pólì, ó kàwé. Ìwé ọ̀hún ló fi ba tèmi jẹ́.

Oṣù ààwẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ni bàbá wọn bá ní kí n wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna lóko òun ní Eggua. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wọn á kó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ á mú poro àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ kọ ebè kọjá rẹ̀. Bàbá kì í ṣe Mùsùlùmí, síbẹ̀ ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì: "Ṣé ká sún un síwájú? Ààwẹ̀ ò ní dà ọ́ láàmú?"

"Rárá, Bàbá. Ara mi le." Irọ́ gbuu.

Ẹ̀gbọ́n ló kì mí láyà. "Má jẹ sààrì. Tí ikùn bá ṣófo, ọ̀rá ni ara máa jó. Wàá fúyẹ́, wàá sì yára." Èmi òpònú, mo gbà. Ìyá mi gbé ẹ̀bà sílẹ̀ ní ìdájí, mo ní mi ò jẹ.

Ogún ebè àkọ́kọ́, mò ń fò. Ìgbà tó yá, apá mi wúwo, òógùn tútù bò mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Sinmi jàre!" Mo bú u. Bàbá dìde lábẹ́ igi, ó wá bá mi. "Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?"

"Kò rẹ̀ mí, Bàbá." Ẹnu mi ò tíì pa dé tí mo fi dojú bolẹ̀ lórí ebè.

Omi ṣúgà ni wọ́n rọ sí mi lẹ́nu. Ààwẹ̀ mi bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n dúró lórí mi, ó ń ṣàlàyé bíi pé a wà ní kíláàsì: ṣúgà tí ara fi pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan ló máa kọ́kọ́ jó, lẹ́yìn náà ló máa wá gbára lé ọ̀rá. Ọ̀rá kì í kánjú. Ó tó ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́, kò tó ẹni tó ń fi ọkọ́ sáré. "Ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni mo ní lọ́kàn o," ló wí.

Ẹ gbọ́ o! Nígbà wo ni wọ́n ń kọ ebè jẹ́jẹ́ fún àna? Ká ní agbára wà lápá mi ni, mi ò bá gbá a létí.

Ọmọbìnrin náà ń sunkún. Bàbá rẹ̀ lóṣòó síwájú mi, kò tilẹ̀ wo àwọn ebè tó kù.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi ọ́," ó ní. "Ìwọ tó ò ń kú lọ, tó o ní ara rẹ le. Tí ebi bá ń pa ọmọ mi nílé rẹ, ta ló máa sọ fún mi?"

Ó dìde, ó ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi kó ọkọ́ wọn, kí wọ́n máa mú mi lọ sílé.