Àgbo Tí Bàbá Mi Kò Pè Ní Ọtí

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí fífi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ di iṣẹ́ mi láràárọ̀. Télọ̀ ni bàbá mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ẹdẹ ni wọ́n sì ti ń ránṣọ. Bí mo bá ti gbálẹ̀, tí mo ṣa àkísà abẹ́ ẹ̀rọ, màá fi òwú sí abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ àti àkàrà yóò tó kàn. Bàbá mi a máa sọ pé ojú ọmọdé mú ju ti àgbà lọ, orí mi a sì wú. N kò mọ̀ pé kì í ṣe ojú ló ń dà wọ́n láàmú. Ọwọ́ wọn ló ń gbọ̀n.

Ìgò kan wà lábẹ́ tábìlì. Egbò igi ló kún inú rẹ̀, ògógóró ni wọ́n sì ń dà lé e. Àgbo ẹ̀yìn dídùn ni gbogbo wa ń pè é. Bí bàbá mi bá ti mu ife kékeré kan láàárọ̀, ọwọ́ wọn a dúró, iṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ràn ọmùtí rárá. Bí oníbàárà bá gbé òórùn ọtí wọlé, wọ́n á ní kó lọ wẹ̀ kí wọ́n tó wọn aṣọ fún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo fẹsẹ̀ gbá ìgò náà dà nù, bàbá tí kì í na ọmọ fa pankẹ́rẹ́ yọ.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, bàbá mi ní ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ tó oògùn, àwọn kò ní fẹnu kan àgbo títí yóò fi parí. Lọ́jọ́ kìíní, òógùn bò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gé apá bùbá ọ̀rẹ́ wọn kan kúrú.

Ọ̀rẹ́ náà wọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Télọ̀, ṣé ọmọ mi lẹ rán an fún ni?"

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ara wọn ń gbọ̀n bí ọmọ tí gìrì mú. Àwọn kan ní ebi ni, àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Ìyá mi ní ilé ìwòsàn ló kàn. Wọ́n mú ìgò náà dání kí dókítà lè mọ oògùn tí ọkọ wọn ń lò, mo sì tẹ̀ lé wọn.

Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan gbóòórùn ìgò náà. "Ìyá, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ egbò inú rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ó ti tó ọdún kan."

"Ọtí inú rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá mi wolẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rọ òmíràn sí i."

"Ẹ wò ó, egbò yìí ti funfun. Kò sí oògùn níbẹ̀ mọ́. Ọtí lásán ni."

Bàbá mi gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi? Ọtí? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!"

"Bàbá Bọ́lá, ẹ má bínú," ni ìyá mi wí. "Bí ẹ kò bá ní pè é lórúkọ rẹ̀, èmi á pè é. Ọtí ni. A ó sì jáwọ́ nínú rẹ̀."

Dókítà ṣàlàyé pé bí ọtí bá ti mọ́ ènìyàn lára, dídáwọ́ dúró lójijì lè fa irú gìrì bẹ́ẹ̀, ó sì lè pa á. Wọ́n dá bàbá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fún wọn lóògùn. Lẹ́yìn náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni àwọn àti ìyá mi jọ ń padà lọ síbẹ̀. Ní oṣù kẹta, bàbá mi tún mu ún. Àwọn fúnra wọn ló jẹ́wọ́: "Ìyá Bọ́lá, mo ti mu ọtí. Mo ṣubú, ṣùgbọ́n mi ò ní sùn síbẹ̀." Wọ́n padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Láti ìgbà náà, wọn kò tọ́ ọ wò mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Nígbà tiwa, ènìyàn ní láti wá ògógóró lọ. Lónìí, òun ló ń wá ènìyàn kiri. Láti Sekona wọ Ẹdẹ, paraga wà lẹ́bàá ọ̀nà, ọlọ́kadà ń mu ún kó tó gbé èrò, á ní oògùn jẹ̀dí ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n. Bí ará ilé yín kan kò bá lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìmu ún, ẹ má bú u, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹ mú un lọ rí dókítà, kí ẹ sì dúró tì í.